Kí ni ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ń fẹ́ lórí ìtàgé?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi, tí kò fi mí sílẹ̀ nílé, tí kò sì fi mí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìbéèrè náà kò gùn rárá: kí ni ẹni tí òǹkọ̀wé eré kò fún ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ ń fẹ́ nínú ìran tí ó wà? Obìnrin tí ó ń kọ́ wa ní eré ṣíṣe ni ó bi ọ̀kan nínú wa, kò sì bá a dáhùn rẹ̀. Ó ní kí ó lọ wá ìdáhùn náà nínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, n kò tún lè wo eré kankan, ì báà jẹ́ lórí ìtàgé tàbí nínú tẹlifíṣọ̀n, kí ojú mi má ṣàì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò la ẹnu.

Kíláàsì wa kò tóbi. A kò ju mẹ́jọ lọ, yàrá kan ní Ìbàdàn ni a sì ti ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Olùkọ́bìnrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà láàárín wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà, ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò wà, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági wà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì. Màmá ni a ń pe ẹni tí ó ń kọ́ wa. Ó ti bá ẹgbẹ́ eré alárìnjò kan rìn nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ nípa eré ní yunifásítì, nítorí náà ó mọ ilé méjèèjì dáadáa, kò sì fi ọ̀kan ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èkejì. Ìwé eré tí ó gbé lé wa lọ́wọ́ ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. N kò ní sọ ìtàn rẹ̀ fún yín látòkèdélẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú ẹni tí ó ka Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti bá Ìyálóde Ìbàdàn yẹn pàdé.

Ilé là ń wò

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde ṣe eré. A jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, a sì ń ka ìwé náà sókè, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ní kí á fa ìlà sí àárín ìwé tí a fi ń kọ nǹkan, kí á kọ ohun tí ìwé eré fúnra rẹ̀ sọ sí apá ọ̀tún, kí á sì kọ ohun tí a mú wá láti ibòmíràn sí apá òsì. Iṣẹ́ yìí dà bí ìyà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a rò pé a mọ̀ nípa Ẹfúnṣetán ni ó wà ní apá òsì.

Ọkùnrin ará rédíò ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó mọ ìtàn Ìbàdàn, ó sì mọ ohun tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ sílẹ̀ nípa Ẹfúnṣetán tí ó gbé ayé ní tòótọ́: pé oníṣòwò ńlá ni, pé ó ń ta ohun ìjà ogun láwìn fún àwọn ọmọ ogun, àti pé nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, dojú kọ ọ́ ní ọdún 1874, ara ẹ̀sùn tí ó kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun darí bọ̀. Ó tún mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó kú sí, lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ó ń lépa rẹ̀. Nínú eré Ìṣọ̀lá, Ìyálóde náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé mu. Ọkùnrin yìí wá ń bèèrè pé èwo nínú àwọn obìnrin méjèèjì ni òṣèré yóò ṣe.

Màmá dáhùn pé ẹni tí ó wà ní apá ọ̀tún ni, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òṣèré náà yóò sọ, inú ìwé yẹn ni ó ti jáde, ẹni tí ó bá sì gbé ikú mìíràn sínú ara rẹ̀ yóò máa rìn lọ sí ibi tí eré kò lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé ìmọ̀ ìtàn ní ìwúlò kan tí kò mẹ́nu bà: kì í jẹ́ kí òṣèré sọ Ìyálóde di iwin. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, tí ó ní oko, tí ó ní gbèsè tí àwọn ẹlòmíràn jẹ ẹ́, tí ó sì ní ọ̀tá tí ó lágbára, yóò ṣe sùúrù kí ó tó fi ìkà ṣe orúkọ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ìwé eré náà, ilé tí a ó wò ni èyí: ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyálóde bí kú nígbà tí ó ń rọbí. Láti inú ikú yìí ni òfin ti jáde, pé ẹrúbìnrin kankan kò gbọdọ̀ lóyún nínú ilé òun, àti pé ẹrúkùnrin kankan kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Ẹni tí ó bá fo èyí dá, tí ó wá ń pariwo lórí ìtàgé, ohùn ara rẹ̀ lásán ni ó ń gbọ́.

Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Konstantin Stanislavski, tí a bí ní ọdún 1863 tí ó sì kú ní ọdún 1938, ni ó sọ irú ìwádìí yìí di ẹ̀kọ́ tí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìlú Mọ́síkò ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti dá ilé eré sílẹ̀ ní ọdún 1898, ibẹ̀ ni ó sì ti ń wá ọ̀nà tí òṣèré kò fi ní máa dúró de orí ire kí ó tó ṣe eré dáadáa. Ta ni mí? Níbo ni mo wà, ìgbà wo sì ni? Kí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí n tó la ẹnu? Kí ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níwájú mi? Kí ni ó dí mi lọ́nà? Kí ni mo ń ṣe láti rí i gbà? Ìbéèrè tí ọmọdé lè há sórí ni wọ́n. Ìgbà tí a bá fẹ́ dáhùn wọn pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú ìwé ni a máa ń mọ̀ pé wọ́n le.

Agbára ohùn kò sí nínú ariwo

Màmá kì í jẹ́ kí á jókòó ti tábìlì títí kíláàsì yóò fi parí. A máa ń dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, a ó gbé ọwọ́ lé ikùn, a ó sì máa mí kí ikùn ni ó ga sókè, kí èjìká má mì. Lẹ́yìn náà ni ohùn yóò tẹ̀lé e. Ní ibí yìí ni mo ti rí ohun kan tí àwọn ìwé tí a kọ fún òṣèré elédè Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ wa, nítorí pé èdè tiwọn kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Tí inú bá bí èèyàn, ohùn rẹ̀ a máa gòkè. Nínú Yorùbá, tí ohùn bá gòkè láìsí ìkóra-ẹni-níjàánu, ohùn ìsàlẹ̀ a pàdánù ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sún mọ́ ohùn àárín, gbólóhùn a sì dàrú létí ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó lè gbọ́ ariwo náà dáadáa, kó má sì mọ̀ bóyá igba ni a dárúkọ tàbí ìgbà. Olùkọ́bìnrin tí ó ń ṣe Ẹfúnṣetán ní ìṣòro yìí gan-an. Láti gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ó ti wà ní òkè pátápátá, kò sì sí ibì kan tí ó kù fún un láti gùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná ní tòótọ́.

Ohun tí Màmá ní kí ó ṣe ni pé kí ó fi imú kùn gbólóhùn náà láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bí onídùndún yóò ṣe fi ìlù sọ ọ́, kí àwa tí ó kù sì sọ gbólóhùn tí ó jẹ́. Tí a kò bá dá a mọ̀, kò tíì tó àkókò láti fi ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí a dá a mọ̀, ó ní kí ó fi èémí ti gbólóhùn náà síwájú, kí ó fún un ní agbára láti ikùn, ṣùgbọ́n kí àlàfo tí ó wà láàárín ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ dúró bí ó ṣe wà. Ìyàtọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Gbólóhùn kan náà tí ó ti ń sọ bí ẹni ń jà ní ọjà wá di ohun tí ó wúwo, a sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé gbólóhùn wa a máa rọlẹ̀ bí ó bá ń lọ sí òpin, òṣèré tí èémí ti tán lára rẹ̀ a sì gbé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mì, níbi tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìdájọ́ wà.

Igbá omi

Ìran tí a ń ṣe ni ibi tí àṣírí oyún Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrúbìnrin Ìyálóde, ti tú, tí Ìyálóde ti mọ̀ pé a ti rú òfin òun nínú ilé òun. Màmá sọ pé ilé tí ó kún fún ẹrú ni ilé yìí, kò sì lè jẹ́ pé kìkì àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ó wà nítòsí. Ó fi Ìyá Ìbejì kún ìran náà gẹ́gẹ́ bí ẹrúbìnrin tí ó gbé igbá omi dání. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, Ìyá Ìbejì dúró sí ẹ̀yìn Ìyálóde, ó kọjú síwájú, kò mira títí tí a fi parí. Kò ba nǹkan kan jẹ́, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Màmá kọjú sí i. "Ìyá Ìbejì, kí ni ẹ ń fẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kọ́ ni mo bèèrè. Kí ni ẹ ń fẹ́?"

"Mo ń dúró kí Ìyálóde bèèrè omi ni, mà."

"Ẹni tí ó ń dúró kò tíì máa fẹ́ nǹkan. Ẹ lọ wá a nínú ìwé. Ẹ má wá a nínú ara yín."

Nígbà tí a tún pàdé, Ìyá Ìbejì mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti ka eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí ó jẹ́ ẹrú nínú ilé yẹn, ó sì ti kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Èkíní, ẹrúbìnrin ni òun náà, nítorí náà òfin tí ó mú Adétutù ń bẹ lọ́rùn òun pẹ̀lú. Èkejì, oyún kì í pamọ́ fún àwọn tí ó jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń wẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí òun ti mọ̀ tipẹ́, kí òun sì dákẹ́. Tí Ìyálóde bá wá bèèrè pé ta ni ó mọ̀ nípa rẹ̀, ewu wà fún òun. Ó kọ ìkejì yìí sí apá òsì, nítorí pé ìwé kò sọ ọ́ ní pàtó. Màmá gbà á láyè pé níwọ̀n ìgbà tí kò ta ko ohunkóhun tí ó wà ní ọ̀tún, ó lè gbé e wọ inú eré.

"Kí ni ẹ wá ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí Ìyálóde gba omi yìí mu."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹni tí ó ń mu omi kò lè pàṣẹ, Màmá. Tí ó bá gbà á, inú rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀, ẹnìkan sì lè ráyè wọlé wá bẹ̀bẹ̀."

Màmá kò yìn ín. Ó ní kí ó má sọ ètò rẹ̀ fún àwọn yòókù, ó sì ní kí á tún ìran náà ṣe.

Bí Ìyálóde ṣe parí gbólóhùn àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì sún ẹsẹ̀ kan síwájú. Nígbà tí ohùn Ìyálóde tún le sí i, ó dúró, ẹ̀rù hàn ní ọrùn rẹ̀, ó sì tún sún mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ibi tí Ìyálóde ti ń rán gbogbo ilé létí òfin rẹ̀, obìnrin yìí ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àárín òun àti Adétutù, ó na igbá náà sókè, orí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Olùkọ́bìnrin tí ó ń ṣe Ìyálóde kò mọ̀ pé yóò wá síbẹ̀. Ó bojú wo igbá náà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ gbólóhùn tí ó wúwo jù nínú ìran náà, èyí tí ó ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ní ohùn tí kò ju ti ẹni tí ó ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti igbá náà sẹ́yìn. Omi dà sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe Adétutù ti ń sunkún sínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìran náà. Ó gbé ojú sókè, ó rí omi nílẹ̀, ó wo Ìyálóde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ ti fi etí ìró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀, nítorí pé ẹrú ni, òun ni a ó sì bi léèrè omi tí ó dà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó ń nu ilẹ̀, títí ìran náà fi parí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn mẹ́ta yìí ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ, tàbí kí wọ́n dákẹ́ sí ibi tí a kò kọ ọ̀rọ̀ sí, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láìjẹ́ pé ẹnìkan wo ojú ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tí a jókòó, Ìyálóde ni Màmá kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.

"Kí ló dé tí o fi rẹ ohùn rẹ sílẹ̀?"

"Màmá, wọ́n ti sún mọ́ mi jù. N kò lè pariwo mọ́ wọn létí."

Gbogbo ẹ̀kọ́ ohùn tí a ti ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìdáhùn yẹn, kò sì rí i kọ́ láti inú ìdárayá èémí nìkan. Ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì fún ẹni náà lésì.

Ìtúpalẹ̀ tí kì í ṣe ti ìdánwò

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí kíka ìwé tí Ìyá Ìbejì kà fi yàtọ̀ sí èyí tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, a máa ń kọ kókó eré, a ń to àwọn ẹ̀dá ìtàn lẹ́sẹẹsẹ, a sì ń fún oníkálukú ní ìwà tirẹ̀: ìkà ni Ẹfúnṣetán, akọni ni Ìtáwuyì, ẹrúkùnrin tí ó fún Adétutù lóyún, Adétutù sì ṣeni láàánú. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìdánwò. Fún òṣèré, kò wúlò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe ìkà lásán lórí ìtàgé. Ohun tí a lè ṣe ni kí á kọ̀ omi, kí á ti ọwọ́ ẹlòmíràn sẹ́yìn, kí á dáàbò bo òfin kan nítorí pé tí òfin náà bá yẹ̀, ikú ọmọ wa ti di ohun tí ayé gbàgbé. Òǹwòran ni yóò pe èyí ní ìkà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Òṣèré tí ó bá fi ara mọ́ ẹfà tí òǹkọ̀wé kọ sílẹ̀, tí kò wádìí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò há ọ̀rọ̀ sórí dáadáa, èyí náà ni gbogbo ohun tí yóò sì ṣe.

Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ó fi èyí hàn jù, mo gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ lè fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀rọ̀ Ìṣọ̀lá dùn, ó kún fún òwe àti àfiwé, bí a bá kà á jáde lásán, òǹwòran yóò ṣì gbádùn rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Tí kò bá mọ ohun tí ó ń fẹ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí a lè wò.

Omijé ta ni?

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sunkún yẹ kí n tún padà sí díẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń rántí ìbànújẹ́ kan láti inú ayé tirẹ̀ kí omijé lè wá. Omijé náà wá ní tòótọ́, a rí i, ṣùgbọ́n kò kàn wá. Ọ̀nà yìí ní ìtàn. Ní New York ní ọdún 1931, àwọn òṣèré kan kó ara wọn jọ, wọ́n dá Group Theatre sílẹ̀, Lee Strasberg tí ó ń kọ́ wọn sì tẹnu mọ́ ọn pé kí òṣèré lọ wá ìmọ̀lára nínú ìrántí ara rẹ̀. Stella Adler, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, bá Stanislavski fúnra rẹ̀ pàdé ní Paris ní ọdún 1934. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ipò tí ẹ̀dá ìtàn wà àti ohun tí ó ń ṣe ni ó yẹ kí òṣèré gbájú mọ́. Àríyànjiyàn náà pín wọn sí méjì, kò sì tíì parí láàárín àwọn tí ó ń kọ́ni ní eré.

Ọ̀dọ̀ Adler ni mo wà, kì í sì í ṣe nítorí ìwé. Àwa náà ní ẹ̀rí tiwa nílé. Ìyàwó tí ó ń sun ẹkún ìyàwó ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í dúró de ìgbà tí ìbànújẹ́ bá gbé e kí ó tó la ẹnu. Ó ti kọ́ ẹkún náà, ó mọ ohùn rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó ń kí àti ẹni tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó kọjú sí, ìyá rẹ̀ ni ó kọjú sí, ìre ni ó sì ń béèrè kí ó tó fi ilé sílẹ̀. Bí omijé bá wá, ó bá ẹ̀bẹ̀ náà wá ni. Bí kò bá sì wá, ẹkún náà ṣì pé, àwọn ará ilé yóò sì sunkún fún un. Nígbà tí Adétutù wa gbé ojú kúrò lára ìrántí ara rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí ó wà níwájú rẹ̀, omijé rẹ̀ gbẹ. Ìgbà náà ni ojú tèmi rin.

Àwọn tí kò lo ìwé

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn àgbà òṣèré wa kò ṣe gbogbo èyí kí wọ́n tó ṣe eré tí gbogbo ìlú ń wò. Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ náà dìde lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò sì ni a kì í ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Orin ni a máa ń ṣètò dáadáa. Ọ̀gá ẹgbẹ́ a sọ ìtàn, a pín ipa, ọ̀rọ̀ ẹnu a sì jáde níbi rìháásà àti níwájú òǹwòran lálaalẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú Màmá, nítorí pé ó ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn náà ṣe é, ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Kí òṣèré tó wọlé sí ìran, ọ̀gá a bi í pé, "Kí lo wá ṣe nílé rẹ̀?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò ní wọlé ní ọjọ́ yẹn. Ó tún ní àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ jọ ń gbé ni, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn nínú ọkọ̀ kan náà láti ìlú dé ìlú, ẹlòmíràn sì ń ṣe irú ipa kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mọ ara wọn débi pé bí ẹnìkan bá mí sínú, ẹnì kejì ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Àwa tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni a ń rí ara wa kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ni a fi ń rọ́pò ilé tí a kò jọ gbé. Eré Ìṣọ̀lá yìí kan náà fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì lè pàdé: ọ̀mọ̀wé ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ alárìnjò Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá sì gbé e jáde fún àwọn ará ìlú.

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni inú fíìmù wa tòde òní, èyí tí mo fẹ́ràn tí mo sì ń rà. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó gbé omi wá fún àlejò. Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin nígbà tí ọba ń bínú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń wò ré kọjá bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ilé gidi, àwọn ni wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí níbi ìpàdé ẹbí mọ̀ pé ìyàwó kékeré tí ó ń gbé àwo jáde lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí ṣáájú àwọn àgbà tí ó ń sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún olùdarí eré láti bi ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn pé kí ni ó ń fẹ́. Kò ná owó, òṣèré ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jèrè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyálóde wa ṣe jèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láàárín èmi àti Màmá tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Mo rọ̀ ọ́ pé kí á fi omi tí ó dà sílẹ̀ sínú eré títí, kí ó máa dà bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé n kò rí ohun tí ó dára tó o nínú ìran náà. Ó kọ̀. Ó ní ohun tí ẹrúbìnrin náà fẹ́ ni kí á dì mú, omi dídà kò sì sí nínú ohun tí ó fẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé igbá wọlé tí ó ti mọ̀ pé yóò dà, kò gbé e wá kí a lè mu ún mọ́. Mo ní òǹwòran tí ó bá sanwó yẹ kí ó rí ohun tí àwa rí. Ó ní òǹwòran yóò rí obìnrin tí ó fẹ́ kí á gba omi lọ́wọ́ òun, ohun tí Ìyálóde bá sì fi omi náà ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyálóde ni yóò ṣe é.